Pei-jung àti Ọkùnrin Tí Kò Sí Nínú Ìwé Agboolé

Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n jọ wọ ọ́fíìsì wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù kan náà ló wà lọ́rùn wọn, òórùn òróró ẹ̀rọ sì ń jáde lára wọn. Ilé iṣẹ́ wọn ní Yongkang, tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, fẹ́ rán wọn lọ síbi ìpàtẹ kan ní Jámánì. Pei-jung ló máa bá wọn ṣètò ìwé. Èmi ni mo wà ní tábìlì kejì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni iṣẹ́ tèmi, nítorí náà ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Shih Pei-jung jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ń sin ẹja ní Qigu, létí òkun. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Yueh-o, ló ni ilé iṣẹ́ ìrìnnà kékeré tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Tainan. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ físà bíi Pei-jung. Ẹ dárúkọ orílẹ̀-èdè kan fún un báyìí, kí ẹ sì bu oúnjẹ sẹ́nu. Kí ẹ tó gbé e mì, á ti sọ fún yín bóyá ará Taiwan lè wọ ibẹ̀ láìgba físà, iye ọjọ́ tó lè lò, iye oṣù tó gbọ́dọ̀ kù lórí ìwé ìrìnnà rẹ̀, àti bóyá inú ìwé ìrìnnà náà ni wọ́n máa lu òǹtẹ̀ sí tàbí orí abala ìwé ọ̀tọ̀, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí òǹtẹ̀ wọn kan ìwé wa. Kò wo kọ̀ǹpútà kó tó sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ahọ́n rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì kúrò ní Taiwan rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀.

Ọdún kejì nìyẹn tí àwọn ará Yúróòpù ti ní kí á máa wọlé láìgba físà, nítorí náà iṣẹ́ àwọn ọkùnrin mẹ́rin yìí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó yẹ mẹ́ta wò, ó dá wọn padà. Ó ṣí ẹ̀kẹrin, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbójú sókè wo ẹni tó ni ín.

“Ẹ̀yin mẹ́ta lè máa lọ o,” ó ní. “Fọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Nieh ló fẹ́ yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró ká tún un yà.”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. “Wen-kai, ojú ẹ yìí burú débi pé Jámánì gan-an ò fẹ́ rí i!”

Ìgbà tí ilẹ̀kùn ti pa dé lẹ́yìn wọn ni Pei-jung tó rẹ ohùn sílẹ̀. “Kò sí nǹkan tó ṣe fọ́tò yín. Ìwé yín ni kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Orúkọ yín ò sí nínú ìwé agboolé kankan níbí, àbí?”

“Kò sí.”

“Àwọn tó ní nọ́ńbà yẹn nìkan ni Yúróòpù ní kó máa wọlé láìgba físà. Ẹ̀yin máa gbà á. A lè rí i gbà, àmọ́ àtòní lọ la ti máa bẹ̀rẹ̀.”

Ọkùnrin náà ń wò ó ṣáá. “Mo ti lọ síbòmíràn kí n tó wá síbí. Obìnrin ibẹ̀ na ìwé mi sókè, ó kígbe pé, ‘Ẹ wá wo páásípọ́ọ̀tù ayédèrú o!’ Gbogbo èrò ló yíjú wò mí.”

“Kì í ṣe ayédèrú. Obìnrin yẹn ni kò mọ iṣẹ́ ẹ̀,” ni Pei-jung fèsì, ó sì fa fọ́ọ̀mù kan yọ.

Orí òkè ní àríwá Thailand ni wọ́n bí Nieh Wen-kai sí, ní abúlé tó jẹ́ pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn sójà Yunnan ló ń gbé ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó bógun sálọ, tí wọn ò sì rílé padà sí. Taiwan fún ìdílé wọn ní ìwé ìrìnnà, àmọ́ kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé agboolé, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan sí, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ sì ti ń wá. Wọ́n jẹ́ ọmọ onílùú lórí ìwé, bí wọ́n bá sì fẹ́ wọ ìlú náà, wọ́n gbọ́dọ̀ tọrọ àyè bí àlejò. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó wá kàwé ní Tainan. Ó ti pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lórí ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ fi ní ìpàtẹ náà kò ní í ṣeé ṣe láìsí i.

Pei-jung bá a kó ìwé jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún kọ lẹ́tà kan lé gbogbo rẹ̀ lórí, tó fi ṣàlàyé fún àwọn tó ń fúnni ní físà pé kí ni ẹni yìí jẹ́ àti ìdí tí ìwé rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà. Kò gùn, kò sì bẹ̀bẹ̀. Físà jáde nígbà tí ìrìnnà ku ọjọ́ méjì.

Nígbà tí Wen-kai wá gbà á, Pei-jung sọ ohun tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà wa. “Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dé, ẹ sọ ohun tí wọ́n bi yín lẹ́nu ibodè fún mi.” Kò sẹ́ni tó máa ń rántí.

Wen-kai rántí. Ojúewé méjì gbáko ló kọ wá, ìlà rẹ̀ gún bí àwòrán ẹ̀rọ: ìbéèrè tí wọ́n bi í, èsì tó fọ̀, iye ìṣẹ́jú tó fi dúró, ìwé tí wọ́n ní kó yọ àti èyí tí wọn ò béèrè rárá. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ pé: “Ọ̀gá ibẹ̀ ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe.”

Pei-jung ka ìwé náà, ó ṣẹ́ ẹ pọ̀, ó fi sínú báàgì rẹ̀. Kò kó o sínú fáìlì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

“Ẹ ti jẹun ọ̀sán?” Wen-kai bi í.

“Mi ò tíì jẹ.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ mu ọbẹ̀ màlúù nígbà náà.”

Nígbà tó fi máa di ìgbà òtútù, “ẹ” ti kúrò láàrin wọn, ó ti di “o.”

* * *

Àǹtí Yueh-o ló lọ ṣe alárinà. Ó kó wa sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sunday kan, èmi, òun àti Pei-jung, ó ní kí Wen-kai jókòó sílé ná. Bàbá Pei-jung, Shih Chin-tu, ń da oúnjẹ sínú adágún nígbà tí a dé. Kò dúró.

“Chin-tu, àbúrò mi,” Àǹtí bẹ̀rẹ̀, “ọkùnrin kan wà.”

“Mo ti gbọ́. Ọmọ Thailand.”

“Ọmọ Taiwan ni. Ìwé ìrìnnà Taiwan ló ní.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tàn mí. Ẹ̀yin lẹ ń ta ìrìnnà, ẹ mọ irú ìwé tó jẹ́. Orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé agboolé kankan. Ilé ta ni ọmọ mi fẹ́ wọ̀ gan-an? Tí wọ́n bá ní kó máa lọ lọ́la, ṣé òkè níbi tí wọ́n bí i sí lọmọ mi máa bá a lọ?”

“Bàámi, kò sẹ́ni tó máa lé e,” Pei-jung ní. “Ó ti gba ìwé ìgbélùú. Tó bá ti lè gbé níbí fún ọdún kan gbáko láìjáde, ó lè lọ tọrọ kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú ìwé agboolé.”

“Ọdún kan?”

“Ọdún kan láìjáde. Tó bá jáde, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.”

Bàbá gbé abọ́ oúnjẹ ẹja sílẹ̀. “Kó lọ jókòó ọdún kan nígbà náà. Tí orúkọ ẹ̀ bá ti wà nínú ìwé, kó wá rí mi. Kó tó dìgbà yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n.”

Inú ọkọ̀ ni Pei-jung ti sunkún nígbà tí à ń padà. “Irú ayé wo nìyí?” ó bi mí. “Mo mọ òfin orílẹ̀-èdè tó lé lọ́gọ́jọ, mi ò sì lè gba bàbá mi kọjá.”

Wen-kai kò bínú. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò ní rìnrìn àjò mọ́ fún ọdún kan, ọ̀gá sì gbé ipò tí wọ́n fẹ́ fi í sí fún ẹlòmíràn. Ó ní kò burú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Qigu láràárọ̀ Sunday. Bàbá kì í dá a lóhùn, òun náà kì í wọ inú ilé. Ó kàn máa ń tú àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi adágún kí ẹja lè mí, á fọ̀ wọ́n, á pààrọ̀ èyí tó ti bàjẹ́, á dì wọ́n padà, á kí bàbá, á sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife tíì kan sórí ògiri kúkurú etí adágún kó tó dé. Tí wọ́n bá bi í pé ta ló gbé e síbẹ̀, á ní òun ò mọ̀.

Oṣù kẹwàá pé. Ó ku méjì.

* * *

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday ni Wen-kai já wọlé. Kò jókòó. “Màmá mi ṣubú nínú oko tíì. Eegun ìbàdí wọn ti kán. Àwọn ará abúlé ti gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Chiang Rai, àwọn dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Èmi nìkan ni wọ́n bí.” Ó wo ojú mi. “Ẹ bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀la.”

Ọwọ́ mi ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Pei-jung dìde.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun méjì ló ń jà nínú òun. Bí Wen-kai bá lọ, oṣù mẹ́wàá ṣòfò, bàbá òun á sì ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jókòó, tí ìyá náà sì kú, báwo lòun ṣe máa lè wo ojú Wen-kai láyé mọ́?

“Tó o bá fẹ́ lọ, máa lọ,” ó ní. “Mi ò ní dá ẹ dúró, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ láéláé. Àmọ́ gbọ́ mi ná. Kí ni Màmá nílò níbẹ̀? Ẹni tó máa fọwọ́ síwèé, tó máa dúró tì wọ́n, tó máa fún wọn lóúnjẹ, tó máa bá dókítà sọ̀rọ̀. Èmi lè ṣe gbogbo ẹ̀.”

“Ìwọ?”

“Ìwé tèmi lè rìn.”

Àǹtí Yueh-o yọ orí láti inú yàrá rẹ̀. “Ìwọ tí o kò dé erékùṣù Penghu ìtòsí yìí rí?”

“Èmi náà ni, Àǹtí.”

Wen-kai fi ọwọ́ bojú. Nígbà tó ṣí ojú, ohun tó sọ ni pé, “Màmá kì í jẹ ata tó bá pọ̀ jù. Wọ́n á ní àwọn lè jẹ ẹ́, irọ́ ni.”

Ìròyìn dé Qigu kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá gun alùpùpù wá bá wa ní ọ́fíìsì, bàtà adágún ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ọmọbìnrin tí wọn ò tíì fẹ́! Ó fẹ́ dá lọ tọ́jú ìyá ọkùnrin nílẹ̀ òkèèrè! Kí làwọn èèyàn máa sọ?”

“Bàámi, ìyá náà wà lórí àkéte.”

“Ṣé mo ní kó má wà níbẹ̀ ni? Mo ní o ò ní dá lọ!” Ó mí kanlẹ̀. “Èmi náà ń lọ.”

Pei-jung na ọwọ́. “Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín wá.”

Ó ti lọ sí Japan lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja, nítorí náà ó ní ìwé. Pei-jung ṣí i, ó mi orí. “Oṣù mẹ́rin ló kù lórí ẹ̀. Thailand ń fẹ́ oṣù mẹ́fà.”

“Ṣé wọ́n rò pé mo máa kú láàrin oṣù mẹ́rin ni?”

“Ìwé ni wọ́n ń bi, Bàámi, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ lọ wẹ̀, ẹ wọ aṣọ tó dáa, ká lọ ya fọ́tò. Ẹ má rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀.”

“Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín?” bàbá ní, inú bí i gidi.

Ọjọ́ kejì ló gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe é kíákíá, ọjọ́ Friday ìwé tuntun dọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ Saturday, wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú ní Kaohsiung.

* * *

Ní Bangkok, wọ́n tò sórí ìlà àwọn tó máa gba físà lẹ́nu ibodè. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún wa. Ó ní òun rò ó pé ẹ̀rù á ba Pei-jung pa. Ṣùgbọ́n tọkọtaya arúgbó kan wà níwájú wọn, ará Chiayi, wọ́n ní kí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé wọn ò ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n máa padà. Ìyá arúgbó náà ti ń sunkún. Pei-jung fi ìlà sílẹ̀. Ó gba fóònù wọn, ó wá tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ tí ọmọ wọn ti fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó fi han òṣìṣẹ́ ibodè, ó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò wọn. Nígbà tó máa fi padà, ẹ̀yìn pátápátá ni òun àti bàbá rẹ̀ wà.

“Mo ti ń rò ó tipẹ́ pé ńṣe ló ń jókòó tẹ kọ̀ǹpútà,” bàbá ní. “Àwọn èèyàn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un.”

Ìyá Wen-kai ò tóbi lára, ohùn rẹ̀ ló tóbi. Nígbà tí Pei-jung àti bàbá rẹ̀ fi dé ọsibítù ní Chiang Rai, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà tán, ìyá náà dùbúlẹ̀, ó ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí ìrọ̀rí. Ó wo Pei-jung látòkè délẹ̀.

“Ìwọ ni Pei-jung?”

“Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ìnira.”

“Ọmọ mi dà?”

Pei-jung ti múra irọ́ kan sílẹ̀, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Kò lè sọ ọ́. “Èmi ni mo ní kó má wá, Màmá. Tó bá kúrò níbẹ̀, ọdún tó ti ń kà á bàjẹ́. Ó fẹ́ wá. Ó ti ní kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá máa bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà ìta.

“Bàbá Wen-kai ní irú ìwé ìrìnnà yẹn fún ogún ọdún,” ni ìyá náà fèsì. “Ó máa ń nù ún. Lẹ́ẹ̀mẹta ló tọrọ àyè láti wọ Taiwan, wọn ò fún un. Ó kú láìfojú kan ibẹ̀. Tí Wen-kai bá yọjú sí mi níbí lónìí, tòun ti ìbàdí kíkán yìí, mo máa lé e padà.” Ó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ àkéte. “Jókòó. O ti rù jù. Ṣé wọn kì í fún ẹ lóúnjẹ ni?”

“Mò ń fún un!” bàbá pariwo látẹnu ọ̀nà.

“Ta nìyẹn?”

“Bàbá mi ni, Màmá.”

“Ẹja lẹ ń sìn, àbí? Òórùn yín ti sọ.”

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n lò, nítorí físà wọn kò ju ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Pei-jung ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń mú un rìn, ẹsẹ̀ kan lóòjọ́, ẹsẹ̀ méjì, títí tó fi dé fèrèsé. Bàbá ń se ìrẹsì olómi pẹ̀lú ẹja, ìyá náà ń bú ọbẹ̀ náà, ó sì ń jẹ ẹ́ tán. Yunnan ni ọ̀kan ń sọ, Taiwan ni èkejì, wọ́n sì ń jiyàn láti àárọ̀ láìsí ògbufọ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bàbá gba fóònù lọ́wọ́ Pei-jung, ó bọ́ síta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe Wen-kai fúnra rẹ̀.

“Nieh! Èmi ni. Màmá ẹ ń rìn. Ó ń sọ̀rọ̀ jù, àmọ́ ó ń rìn. Gbọ́, má kúrò níbẹ̀ o! O ò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ kankan. Wọ́n ní òtútù máa mú lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ẹja mi lè kú. Lọ máa sùn nínú ilé mi, kó o lè máa wo adágún. Inú ilé, mo ní. Kì í ṣe lórí ògiri.”

Wen-kai sọ fún wa bí òun ṣe gba ìpè náà. Ó ní òun kàn ń mi orí sí fóònù bí ẹni pé bàbá ń rí òun.

* * *

Ọdún náà pé. Ìwé àṣẹ pé kó máa gbé Taiwan títí ayé jáde, ó wá ku kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé agboolé. Gbogbo wa la bá a lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Àǹtí Yueh-o ti ilé iṣẹ́ pa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì gba ìwé rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Àdírẹ́sì wo ni ká kọ? Ṣé ilé tí ẹ háyà ni?”

Wen-kai fẹ́ dáhùn. Bàbá ti wọ àárín wọn, ó ti tẹ́ ìwé agboolé tirẹ̀ sórí tábìlì.

“Inú èyí ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.”

“Ẹ̀yin lẹ ni ilé, Bàbá?”

“Èmi ni.”

“Kí ló jẹ́ sí yín?”

Bàbá ronú. Ó wo Pei-jung, ó wo Wen-kai. “Ó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ìyẹn ò tó ni?”

“Ó tó, Bàbá. Ẹ fọwọ́ síbí.”

Ó fi ọwọ́ sí i. Wen-kai dúró, omi kàn ń ṣàn lójú rẹ̀ títí ọ̀dọ́mọbìnrin náà fi na bébà ìnujú sí i. Pei-jung di apá rẹ̀ mú níwájú gbogbo èèyàn, òun tó máa ń tijú.

Lórí àtẹ̀gùn ìta ni Wen-kai ti pe ìyá rẹ̀. A ń gbọ́ ohùn obìnrin náà bí ẹni pé ó wà lọ́dọ̀ wa. “Ilé ta ni wọ́n kọ ẹ́ sí?”

“Ilé bàbá Pei-jung, Màmá.”

“Fún wọn ní fóònù.”

Bàbá gbà á, ó rìn síwájú díẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. A gbọ́ tó ń sọ pé oṣù tó ń bọ̀ dáa, pé kì í ṣe ìparí oṣù nítorí ìgbà yẹn lòun máa ń kó ẹja, pé bẹ́ẹ̀ ni, orí òkè lọ́dọ̀ wọn ni ká ti kọ́kọ́ ṣe é, kí ìyá má baà wọkọ̀ jìnnà.

Pei-jung sún mọ́ ọn. “Bàámi, ṣé ọjọ́ ìgbéyàwó wa lẹ ń mú yẹn? Ṣé ẹ ò ní bi wá ni?”

Bàbá fi ọwọ́ bo fóònù. “Dákẹ́ jẹ́ẹ́,” ó ní. “Mò ń bá àna mi sọ̀rọ̀.”